Bí a ṣe ń mú ọ̀mùnú igi ápù jáde lára ewé

Nínú yàrá ìwádìí, a lè gbé ewé ápù sórí oúnjẹ (èròjà tó dì bíi jẹ́lì nínú àwo, tó ń bọ́ ewé) kí ọ̀mùnú, ìyẹn ẹ̀ka tuntun, lè hù lára rẹ̀. Bí ewé bá kọ̀ tí kò hu ọ̀mùnú, oògùn inú oúnjẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ń bá wí. Ewé gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ má já a lára igi tó wà níta. Kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú rẹ̀ á gba gbogbo àwo. Inú ìgò ni kí ẹ ti mú un, lára ọ̀mùnú tó ti lo ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lórí oúnjẹ. Ewé 3 tàbí 4 tó wà lókè téńté, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là tán, ni kí ẹ lò. Ti ìsàlẹ̀ ti gbó jù.

Fún oúnjẹ lítà 1, ẹ po iyọ̀ MS (àdàlù iyọ̀ tí Murashige àti Skoog ṣètò fún ewéko) àti fítámì rẹ̀ mọ́ ṣúgà gíráàmù 30, TDZ (oògùn tó ń mú ọ̀mùnú hù) miligíráàmù 1 àti NAA (oògùn ìdàgbàsókè ewéko) miligíráàmù 0.2. Ẹ mú pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) dé 5.7 kí ẹ tó da agar (ìyẹ̀fun tó ń mú un dì) gíráàmù 7 sí i. Bí pH bá lọ sílẹ̀ jù, agar kò ní dì dáadáa. Ẹ sè é nínú autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru àti ìfúnpá pa kòkòrò) ní 121°C fún ìṣẹ́jú 20.

Nínú laminar hood (àpótí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò ní kòkòrò), ẹ fi iná sun abẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá gé ọrùn ewé dànù. Ẹ kọ ilà 2 tàbí 3 dábùú iṣan àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ewé má já: ojú ọgbẹ́ yìí ni ọ̀mùnú ti sábà máa ń yọ. Ẹ da ojú ewé délẹ̀, kó lẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Ibi tó bá ká sókè kò ní rí nǹkan mu. Ẹ yára, nítorí afẹ́fẹ́ á gbẹ ewé.

Ẹ fi fóìlì wé àwo náà, kó wà nínú òkùnkùn biribiri fún ọ̀sẹ̀ 3, ní nǹkan bí 24°C. Ibí ni àìnísùúrù ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá tètè kàn án á mú kí ojú ọgbẹ́ dúdú, ọ̀mùnú á sì dín. Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ wákàtí 16 lóòjọ́.

Ní kété tí ọ̀mùnú bá yọjú, ẹ gbé e kúrò lórí TDZ lọ sórí oúnjẹ tó ní BAP (oògùn ọ̀mùnú mìíràn) miligíráàmù 1 àti IBA (oògùn tó ń mú gbòǹgbò ta) miligíráàmù 0.1 nínú lítà. Èyí tó bá pẹ́ lórí TDZ á kúrú, á ṣù pọ̀, ewé rẹ̀ á kún fún omi, á máa dán bí ìgò, kò sì ní ta gbòǹgbò.

Tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ gé e sórí oúnjẹ tí iyọ̀ MS rẹ̀ jẹ́ ìdajì, pẹ̀lú IBA miligíráàmù 0.5 sí 1 nínú lítà, kó lè ta gbòǹgbò. Ẹ fọ agar kúrò lára gbòǹgbò kí ẹ tó gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀, torí ṣúgà inú rẹ̀ á fa èébu. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2.

Ẹ kọ nọ́ńbà sí ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀: èyí tó hù lára ewé lè yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀.