Bí A Ṣe Kọrin fún Àwọn Tí Wọ́n Bá Omi Òkè-Afa Lọ: Ìrírí Mi

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bọ́ǹbù dún ní bárékè àwọn ṣọ́jà ní Ìkẹjà. Ọjọ́ Àìkú ni, 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002. Iná ló ran ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí, tí gbogbo rẹ̀ sì ń bú gbàù léraléra wọ inú òru. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún wa. Àwọn kan ní ogun ti dé, àwọn mìíràn ní ayé ló ń parẹ́. Èrò ya gba Ìsọlọ̀, wọ́n kọrí sí Òkè-Afa nínú òkùnkùn, wọ́n sì já sínú kánààlì tí koríko ti bo ojú rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Ẹ̀mí tó lọ lé ní 1,000, inú omi ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọrùn ọwọ́ ni ìyá mi fi fà mí sá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ojú èékánná rẹ̀ tó kúrò lára mi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé rárá nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò wa ránṣẹ́ pè mí ní ìparí ọdún 2021. Ogún ọdún ń bọ̀ wá pé, èmi ni mo sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Wọ́n ní kí n ṣètò orin ìrántí.

Ìpàdé àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní, “Ọmọ mi, òkú ọ̀fọ̀ ni o. A kì í lùlù sí òkú ọ̀fọ̀.” Òótọ́ ni bàbá sọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ̀yin náà ni kí ẹ sọ bí a ó ṣe ṣe é, sà.” Ibẹ̀ la ti fẹnu kò: kò sí aṣọ ẹbí, kò sí oúnjẹ, kò sẹ́ni tó máa náwó fún akọrin, olóṣèlú kankan kò sì ní gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wa. Omi tútù àti ìjókòó nìkan la máa pèsè. Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 la mú, nítorí ọjọ́ Àìkú ló ṣẹlẹ̀.

Àwọn ìyá láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa ní àwọn yóò wá kọ wáàkà, torí omi náà kò yan ẹ̀sìn. A wá fi aago mẹ́rin ààbọ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, kí a lè parí kí ìrun Mọ̀gáríbì tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, àkókò ìrun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Iṣẹ́ tó gba agbára mi jù lọ kì í ṣe orin rárá, orúkọ ni. Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo ń gbé e káàkiri láti ilé dé ilé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Tí mo bá kọ orúkọ tán, màá ní kí ẹni tó fún mi pè é sínú fóònù mi, torí mi ò fẹ́ ká fi àṣìpè dá ẹnikẹ́ni lọ́gbẹ́ lọ́jọ́ náà. Orúkọ Ìgbò wà níbẹ̀, ti Haúsá wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì, tó ń ta aṣọ òkìrìkà, wo ohun tí mo kọ, ó ní, “Má kọ ‘ọ̀kan nínú ìbejì’ fún mi o. Táyé ni. Ó ní orúkọ tirẹ̀.” Mo fa ìlà sí i, mo kọ Táyé gàdàgbà.

Ọkùnrin tó máa ń lu agogo fún wa nìkan ni kò rí orúkọ kankan fún mi. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó wọ inú kánààlì lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì láti gbé òkú jáde. Ó ní, “Sísítà, mi ò mọ orúkọ ẹni kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó.” Mo pa ìwé náà dé.

Orúkọ 83 la rí kọ. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù, kí n yọ díẹ̀ kí ó má bàa sú èèyàn. Mi ò gbà. Orin ni mo yọ. Méje tí mo ti kọ́ wọn di mẹ́rin.

Ìdánrawò kọ́ mi ní ohun méjì tí mi ò lè rí kọ́ níbòmíràn. Ní ọjọ́ kan, ọmọ tó ń lu jáàsì fẹsẹ̀ tẹ ìlù ńlá ẹ̀ẹ̀kan péré. Gbì! Màmá kan tó jókòó sí ẹ̀yìn dìde, ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Nígbà tí mo bá a lẹ́nu géètì, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà la ti gbé jáàsì kúrò. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo la lò. A tún sọ fún àwọn tó ni ẹ̀rọ pé kí wọ́n tan sípíkà kí èrò tó dé, torí ó máa ń dún gbàù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà.

Èkejì ni àdúrà. Alàgbà wa fẹ́ fi “ojúoró ní í lékè omi” parí ìdánrawò, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ìyá Ìbejì ní, “Ẹ dákun, sà, ẹ má gba ìyẹn níbí. Koríko tó lékè omi ló tàn wá jẹ.” Alàgbà bọ́ fìlà, ó ní kí a ṣe àmín sí èyí tó wà lọ́kàn oníkálukú.

Lọ́jọ́ náà gan-an, orin lọ déédéé, wáàkà àwọn ìyá sì dùn ju tiwa lọ. Nígbà tó kan orúkọ, ọmọbìnrin méjì ló ń pè é, agogo ń dún ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe Táyé, Ìyá Ìbejì dìde dúró, Kẹ́yìndé tó ti di géńdé sì dìde pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá pe èèyàn rẹ̀ ń dìde, bẹ́ẹ̀ ni a ò kọ́ wọn.

A ti ṣètò pé tí orúkọ bá tán, kí agogo dún lẹ́ẹ̀kan sí i fún àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, kí a sì gbé orin ìparí. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó sinmi díẹ̀, ó tún lù ú. Ó tún lù ú. Àwọn akọrin ń wo ojú mi, mo sì na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró. Kò wo ẹnikẹ́ni, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kà. A dúró títí ó fi gbé agogo náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.