Oúnjẹ ọmọ tó ní ìpèníjà ara kó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ: ìrírí mi

Ọmọbìnrin ọdún méje ni. Cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa, ló ń bá a fínra, eegun itan rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò ní ihò ìbàdí, wọ́n sì ti fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn kan lápá Yábàá. Oúnjẹ rẹ̀ ló kàn mí.

Kí n tó dé ìdí ìkòkò, mo wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká kò ṣeé gbé ti ògiri wọn gíga, nítorí náà mo wọ̀n láti orí orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀ bó ṣe jókòó: sẹ̀ǹtímítà 30. Mo fi 2.69 sọ ọ́ di púpọ̀, mo fi 24.2 kún un, gíga rẹ̀ di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 105. Ìyá rẹ̀ gbé e gun òṣùwọ̀n, mo yọ ìwúwo ìyá kúrò: kílò 12.4. Ó ti rù jù.

Ojú abẹ ọmọ tó rù kì í jiná bọ̀rọ̀. Purotéènì ni ara fi ń hun awọ tuntun, òun náà ló fi ń ṣe ohun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀. Irin ni wọ́n sì máa fi de eegun yìí. Bí kòkòrò bá ti fara pamọ́ sára irin, ọyún rẹ̀ kì í tán kíá. Wọ́n yẹ albumin, ọ̀kan lára purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wò. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ gíráàmù 35 nínú lítà kan, ó yẹ ká ṣọ́ra, àmọ́ àìsàn lásán náà máa ń fà á wálẹ̀, n kì í gbára lé òun nìkan.

Kì í lè jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń tètè rẹ̀ ẹ́. Torí náà, n kò fi kún oúnjẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo fi kún. Sínú ife ògì kan: ṣíbí ìjẹun méjì mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, ọ̀kan ẹ̀pà lílọ, ṣíbí tíì kan òróró, èyí tó tó nǹkan bíi kálórì 40. Mo fi edé náà sí i; edé ọjà Òyìngbò máa ń ní yanrìn, mo sẹ́ ẹ lẹ́yìn tí mo lọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tí a tẹ̀ rẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń kún un, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: bí ẹni tí ebi ti pa gan-an bá ṣàdédé jẹ àjẹjù, àwọn èròjà bíi phosphate àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, ó sì lè kan ọkàn.

Rírọ ni ìjà wa. Ìyá àgbà máa ń tẹ́ ẹ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, á máa da ògì sí i. Kí ọmọ lè mí, ó ní láti gbé e mì, bí kò bá sì lè gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró tó wú lè dá iṣẹ́ abẹ dúró pátápátá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e jókòó." Ìrọ̀rí lẹ́yìn, ìbàdí ká dáadáa, àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, ṣíbí kékeré láti iwájú. Mo mú ògì náà ki débi tó ń já bọ́ ní gbùdù látorí ṣíbí, torí èyí tó ṣàn bí omi ló máa ń ṣìnà. Ikọ́, omijé, ohùn tó dà bíi pé omi wà lọ́fun: dúró. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ kó tó dùbúlẹ̀.

Eyín tó jẹrà àti egbò ìdùbúlẹ̀, ẹ fi han dókítà ṣáájú. Ibẹ̀ náà ni kòkòrò ń gbà wọlé.

Alẹ́ tó ṣáájú ni àwọn òbí máa ń ṣì í ṣe. Nítorí gó-sílóò Third Mainland, wọn ò ní fún ọmọ ní nǹkankan láti ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ àti mílíìkì inú agolo, kó dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Omi lásán, wákàtí méjì, àfi bí dókítà tó ń kun ọmọ lóorun bá sọ òmíràn. Oògùn wárápá ẹ má ṣe dá a dúró: ẹ bi dókítà náà kó sọ, kò burú kí a fi omi díẹ̀ gbé e mì láàárọ̀ ọjọ́ náà.