Bí A Ṣe Ń Tẹ́tí sí Àwo Orin Ojú Agbo ti Àwọn ProjeKct

King Crimson, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló pín ara rẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ProjeKct láti ọdún 1997, kí wọ́n lè wá ohùn tuntun níwájú èrò. Ohun èlò nìkan ni wọ́n fi ń ṣeré.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ProjeKct One, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Jazz Café, London, ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Má ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Kọ́kọ́ tẹ̀lé ìlù Bill Bruford nìkan dé òpin. Nígbà tí o bá tún un gbọ́, wá ohùn gìtá báàsì Tony Levin tó wúwo nísàlẹ̀, kí o tó wá gìtá Robert Fripp àti ti Trey Gunn, tí ó máa ń ṣòro láti yà sọ́tọ̀ nígbà mìíràn. Nítorí pé orí ìtàgé ni wọ́n ti hun orin náà, ibi tó dùn jù lójú tèmi ni ibi tí ọ̀kan ti dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí ẹnì kejì fẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà, lọ sí ProjeKct Two, níbi tí Adrian Belew, onígìtá, ti jókòó sídìí ìlù oníná.