Ìdérí búùtù tó gba owó mi padà

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 2025. Mo gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ mi ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, mo wá ní kí n ya ọjà Ṣáṣá ra ata àti tòmátì kí n tó wọlé. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọjà lórí ọ̀nà márosẹ̀ Iléṣà sí Ọ̀wọ̀, ọlọ́kadà kan já wọ iwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Ọlọ́kadà bá tiẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Èmi dúró. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ni kò dúró.

Corolla mi ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò jẹ irú ìyà yẹn rí. Ìdérí búùtù ká jọ bí ewé tí iná rà, bọ́ńpà já sílẹ̀ lápá kan, iná ẹ̀yìn méjèèjì fọ́ yángá. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fara pa. Ọmọkùnrin tó gbá mi bọ́ sílẹ̀ nínú Camry rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì: "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Màá tún un ṣe." Ó fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀, ó ní ìyókù ń bọ̀ bí oṣù bá parí.

Mo ti fẹ́ gbà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo pè lórí fóònù ni kò gbà. Dírẹ́bà ìjọba ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó sún wọn, kí n ya nọ́ńbà rẹ̀ àti láísẹ́ǹsì rẹ̀, kí n sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà. "Bó bá sanwó, a dúpẹ́. Bí kò bá san ńkọ́?" Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń ya fọ́tò náà, torí ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mo sáà yà á.

Oṣù parí, kò san. Ìgbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́.

Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rèé: mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà mi lọ́nà Ọ̀dà, mo ní kó máa tún un ṣe. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń kó ọjà, n ò lè máa wò ó níjokòó. Ìdérí búùtù tòkunbọ̀, ₦120,000. Iná ẹ̀yìn méjì, ₦90,000. Bọ́ńpà, ₦65,000. Iṣẹ́ ọwọ́ pánẹ́ẹ̀bítà, ₦100,000. Riwáyà tó so iná ọkọ̀ gba ₦25,000. Ọ̀dà wá jẹ́ ₦150,000, torí mo ní bí wọ́n bá kun ẹ̀yìn nìkan, ọkọ̀ á dà bí ẹni tó wọ aṣọ èèyàn méjì, ẹ kùn ún tán pátápátá. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦550,000. Owó tí mo fẹ́ fi lọ ra ọjà ni.

Oníbàárà mi kan tó wá ra ankara ló bi mí léèrè pé ṣé mo ti wo ìnṣọ́ránsì ọmọkùnrin náà. Mo ní ìnṣọ́ránsì wo? Tèmi ni mo mọ̀, mo sì ti pè wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan fún mi níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní third party tí mo ń rà lọ́dọọdún, ọkọ̀ ẹni tí mo bá gbá ló wà fún, kì í ṣe ọkọ̀ tèmi. Tí mo bá fẹ́ èyí tó máa tún tèmi ṣe, comprehensive nìyẹn, owó rẹ̀ kì í sì í dín sí ìdá 5 nínú 100 iye tí ọkọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíì bá gbá mi, third party tiẹ̀ ló yẹ kó tún ọkọ̀ mi ṣe. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti gbé owó third party láti ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni ní oṣù kìíní ọdún 2023, ohun ìní ẹlòmíì tó bá bàjẹ́, wọ́n lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí rẹ̀.

Ọdún mélòó ni mo ti ń ra ìwé yẹn! Èmi rò pé nítorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà la ṣe ń rà á ni.

Oníbàárà mi yìí ló tún fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń wò ó lórí askNIID, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń kó orúkọ ọkọ̀ sí. A tẹ nọ́ńbà Camry náà láti inú fọ́tò, ó sì jáde: ìwé ojúlówó, inú oṣù kejì ló rà á. Ẹ rántí pé ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2025 gan-an ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ third party wò káàkiri. Ẹ̀rù wọn ló mú un rà á. Ká ní oṣù kìíní ló gbá mi, bóyá ayédèrú la ò bá bá.

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ti rà á ní ọ́fíìsì ní Alágbàká. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n mú ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá, fọ́tò, rìsíìtì, ìwé ọkọ̀ mi àti láísẹ́ǹsì mi, pé oníbàárà àwọn náà sì gbọ́dọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbá mi. Tọlọ́pàá ò le, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ló le. Mo wá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Ọmọ mi, kọ́bọ̀ ò ní kúrò lápò rẹ. Ìnṣọ́ránsì rẹ ló máa san án. Wá bù ọwọ́ sí ìwé." Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pè mí padà. Òun náà ò mọ ohun tó rà.

Ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ọkọ̀ wò yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dán gbinrin. Ó ní, "Mà, kí lẹ wá fẹ́ kí n yẹ̀ wò báyìí?" Ó ní ó yẹ kí n jẹ́ káwọn rí i kí n tó tún un ṣe. Báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé búùtù yẹn bàjẹ́ débi pé kò ṣeé nà, àbí pé ọkọ̀ mi gan-an ló wà nínú fọ́tò? Ó béèrè ibi tí àwọn ẹ̀yà àtijọ́ wà.

A forí lé ọ̀nà Ọ̀dà. Pánẹ́ẹ̀bítà họrí. Bọ́ńpà ti lọ, iná ti lọ, ó ti kó wọn fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù. Ìdérí búùtù ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan nawọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti fi bo àpò èédú kí òjò má bàa pa á, wọ́n gbé táyà lé e lórí. A gbé táyà kúrò, mo fi aṣọ nu ún. Àwọ̀ wáìnì tó ti ṣá náà nìyẹn, sítíkà ilé-ìwé tí ọmọ mi ti jáde sì wà lápá òsì, ìdajì rẹ̀ ti ya. Mo ṣí fọ́tò Ṣáṣá lórí fóònù: sítíkà yẹn, ibi tó ti ya yẹn, ibi tó ká sí yẹn. Ọ̀gbẹ́ni náà kúnlẹ̀, ó yà á ní fọ́tò tó tó mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ara mi sáà balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi discharge voucher ránṣẹ́, ìyẹn ìwé tí mo máa fọwọ́ sí pé mo gba iye tí wọ́n fẹ́ san: ₦305,000. Ọwọ́ mi ti ń yún mi. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n má fọwọ́ sí i, pé bí mo bá ti fọwọ́ sí i, mo ti gbà pé ó parí nìyẹn. Mo lọ béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Wọ́n yọ ₦50,000 tí ọmọkùnrin náà ti san. Òdodo ni. Wọ́n yọ ₦70,000 nínú owó ọ̀dà, wọ́n ní ẹ̀yìn ni wọ́n gbá, kì í ṣe iwájú. Ó dùn mí, àmọ́ n kò rí èsì fọ̀. Wọ́n wá yọ iṣẹ́ ọwọ́ pánẹ́ẹ̀bítà àti ti riwáyà, ₦125,000, torí pé inú ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n kọ rìsíìtì wọn sí. Èyí ni mi ò gbà. Mo tẹ àkọsílẹ̀ báńkì jáde, tó fi hàn ọjọ́ tí mo sanwó fún wọn, mo kọ nọ́ńbà fóònù wọn sí i, mo kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e, mo sì ní kí wọ́n bù ọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi pé wọ́n ti gbà á. Wọ́n pe àwọn méjèèjì lóòótọ́.

Voucher kejì dé, ₦430,000. Mo fọwọ́ sí i. Owó wọlé nínú oṣù keje, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù dún.

Pánẹ́ẹ̀bítà ni mo kọ́kọ́ pè, kí n dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ kú oríire o, Mọ́mì." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìdérí búùtù tí mo gbé lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, ṣé mo ṣì ń lò ó, torí òjò ti ń pa èédú òun.