Ẹ yẹ ọwọ́ gbajúmọ̀ wò kí ẹ tó gbé máìkì lé e lọ́wọ́

Tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá ń ṣètò àpérò n'Iléṣà, tàbí tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyà mẹ̀kúnnù ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀, olórin tàbí òṣèré tí orúkọ rẹ̀ ń dún ni wọ́n sábà máa ń wá lọ. Kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹni tó ń jẹ owó àwọn onílù rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá dúró níwájú àwọn ìyálọ́jà Atákúmọ̀sà, kó máa bú olówó. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, ọ̀rọ̀ òtítọ́ tó sọ ni yóò bá a ṣubú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó kọ ìwé ìpè. Ẹni mẹ́ta tó iṣẹ́ náà: ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tí yóò máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé mọ́tò rẹ̀ àti aago ọwọ́ rẹ̀ tì. Olówó tó ní kí ìjọba gba owó orí sí i lọ́wọ́ òun kì í ṣe àgàbàgebè torí pé ó kọ́ ilé ńlá. Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé: lápá òsì, ẹ kọ ohun tó sọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí a ó rí tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó ní kí olówó máa san owó orí: níbo ló forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí? Ó ní kí òṣìṣẹ́ gba owó tó tó: èló ni awakọ̀ rẹ̀ ń gbà, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà ti di 70,000 náírà láti 2024? Tí ẹ kò bá rí ohunkóhun kọ sápá ọ̀tún, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ná òun fúnra rẹ̀ ní kọ́bọ̀. Ẹ fàlà sábẹ́ ìyẹn dáadáa.

Ní ti ìwé, ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè wá orúkọ níbẹ̀. Tí ẹ bá tẹ orúkọ àjọ aláàánú rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, àdírẹ́sì, àti bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IT jẹ́ ti àjọ tó ní alámòójútó, RC jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Tó bá jẹ́ "inactive" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀kan, kò jáde, kí ẹ sì pariwo pé ayédèrú ni. Ẹ gé orúkọ náà kúrú, ẹ tún un tẹ̀. Tí kò bá sí síbẹ̀, ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀.

Tí àjọ náà bá wà ní Amẹ́ríkà, ẹ wá Form 990 rẹ̀, ìyẹn ìwé ìròyìn owó tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún, lórí Nonprofit Explorer, ìkànnì àwọn oníròyìn ProPublica; ọ̀fẹ́ ni. Ní Part I, ìlà 12 ni gbogbo owó tó wọlé, ìlà 13 ni èyí tí wọ́n fi ta àwọn mìíràn lọ́rẹ, ìlà 15 ni owó òṣìṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni kí ẹ kà, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ sì ṣọ́ra: owó òṣìṣẹ́ tó pọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn. ONE, àjọ tí Bono, olórin ẹgbẹ́ U2 ti Ireland, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, kì í pín oúnjẹ; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa rọ ìjọba, òṣìṣẹ́ ló sì ń ṣe ìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti mú Bono gan-an ni owó orí. Ní 2006, lẹ́yìn tí Ireland fi òdiwọ̀n 250,000 yúrò sí owó tí olórin lè gbà láìsan owó orí, U2 kó apá kan òwò orin wọn lọ sí Netherlands. Òfin kò kà á léèwọ̀. Ní 2017, Paradise Papers, àwọn ìwé àṣírí owó tó tú sọ́wọ́ àwọn oníròyìn, fi hàn pé ó dáwó sí ilé-iṣẹ́ kan ní Malta tó ra ilé ìtajà ńlá kan ní Lithuania. Ọkùnrin tó ń rọ ìjọba láti ná owó ará ìlú sórí òtòṣì ni. Irú ìlà tí apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀ kò bára mu nìyẹn, kò sì dìgbà tó bá rú òfin kí ẹ tó bi í.

Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni òtítọ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti lo àkókò. Ẹ bá ẹni márùn-ún sọ̀rọ̀, ó kéré tán, láti ẹnu iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta: onílù, oníjó, awakọ̀, àwọn tó ń to ẹ̀rọ. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ọ̀gá yín dáa?", gbogbo wọn ni yóò ní ó dáa. Ohun tí ẹ ó bi wọ́n nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, òde tí ẹ lọ kẹ́yìn, èló lẹ jọ dá? Èló ló dé ọwọ́ yín? Ọjọ́ wo ló dé?" Ìdáhùn kẹta yẹn ló máa ń tú àṣírí, torí ẹni tó ń san owó pé ṣùgbọ́n tó ń fi oṣù mẹ́rin falẹ̀ ń fi owó mẹ̀kúnnù ṣòwò ni. Bí ẹnì kan bá bínú, ìyẹn kò tíì di ẹ̀rí. Ẹni mẹ́ta tí wọn kò mọra wọn, tí wọ́n sọ ohun kan náà, ẹ̀rí ni. Ẹ má kọ orúkọ wọn síbì kankan; iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti ẹ̀bùn, sọ̀wédowó páálí gbàgàdà tí wọ́n fi ya fọ́tò kì í ṣe owó. Ẹ lọ sí ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn tó ní òun fún, ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀ nípa ọjọ́ tí owó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí òṣómàáló ṣe ń jókòó ti gbèsè ni kí ẹ jókòó ti ẹ̀rí yìí. Ní oṣù kẹwàá 2025, Billie Eilish, olórin Amẹ́ríkà, ní kí àwọn olówó bílíọ̀nù máa fi owó wọn tọrẹ, wọ́n sì kéde lálẹ́ ọjọ́ náà pé 11.5 mílíọ̀nù dọ́là láti inú ìrìn-àjò orin rẹ̀ ń lọ fún iṣẹ́ àánú. Ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ pàdé níbẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà la ó bi í: ta ló gbà á?

Tó bá yege, ẹ kọ àdéhùn. Ẹ kọ iye tó ń gbà síbẹ̀, kí ẹ sì kà á sétí gbogbo èèyàn lọ́jọ́ àpérò. Ẹ san ìlàjì ṣáájú, ìlàjì lẹ́yìn tí àwọn onílù àti àwọn tó ń to ẹ̀rọ bá ti gba tiwọn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ yọ ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún ìbéèrè látọ̀dọ̀ àwọn ará ọjà, kí máníjà rẹ̀ má ṣe ṣa ìbéèrè náà.

Tí kò bá yege, ẹ má sáré gbé e sórí Facebook. Ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ lè gbé yín dé àgọ́ ọlọ́pàá lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Ẹ fi ohun tí ẹ rí ránṣẹ́ sí i, ẹ fún un ní ọjọ́ méje kó fèsì. Ọ̀pọ̀ yóò ṣàlàyé, àwọn mìíràn yóò sì san gbèsè onílù láàárín ọjọ́ méje yẹn. Tí kò bá fèsì rárá, ẹ gbé máìkì fún ìyálọ́jà.