Bí A Ṣe Ń Pààlà Ọjà Fún Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kí a tó lè sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń ṣi agbára rẹ̀ lò lábẹ́ òfin ìdíje, a ní láti kọ́kọ́ mọ ọjà tí ó ti ní agbára náà, ìyẹn gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà lè fi rọ́pò tirẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ ni pé: bí olùtajà bá fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye owó ohun tó ń tà, ibo ni àwọn oníbàárà yóò yà sí? Ṣùgbọ́n ìdá 10 nínú òdo, òdo náà ni. Bí a bá sì ní kí ohun ọ̀fẹ́ di olówó, òwò mìíràn ni a ti ń yẹ̀ wò yẹn, ọjà náà yóò sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ṣáínà ti kìlọ̀ èyí nínú ẹjọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì, Qihoo àti Tencent, ní ọdún 2014.

Nítorí náà, ẹ fi bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó rọ́pò owó. Bí ìpolówó bá ń dí ohun tí ènìyàn ń kà lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń gba ìsọfúnni rẹ̀ sí i láìdáwọ́dúró, ṣé yóò kúrò níbẹ̀, ibo ni yóò sì lọ? Kò pọn dandan kí ẹ fi iye pàtó sí ìdínkù náà. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù tó gbọ́ ẹjọ́ Google Android fara mọ́ èyí ní ọdún 2022.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń fi iṣẹ́ náà ṣe gan-an. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, Bundeskartellamt, àjọ tó ń rí sí òfin ìdíje ní Jámánì, pààlà ọjà Facebook sí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ti àdáni nìkan. Wọ́n yọ LinkedIn àti Xing kúrò nítorí pé ọ̀ràn iṣẹ́ ni wọ́n wà fún, wọ́n sì yọ YouTube, Snapchat àti Twitter nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí Facebook ń ṣe ni wọ́n ń ṣe. Níwọ̀n bí kò ti sí owó tí wọ́n lè kà, iye àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ ni wọ́n fi wọn ìpín rẹ̀, ó sì lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má ṣe rò pé ààlà yẹn yóò dúró títí láé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Adájọ́ James Boasberg ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti yọ TikTok àti YouTube kúrò nínú ọjà Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, nítorí ẹ̀rí fi hàn pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń yà sí nígbàkígbà tí Facebook àti Instagram kò bá ṣiṣẹ́. Ní tèmi, irú ẹ̀rí báyìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí ohun tí ènìyàn ṣe wúwo ju ohun tó sọ pé òun yóò ṣe lọ.

Àwọn tó ń san owó ìpolówó náà ní ọjà tiwọn. Ẹ pààlà rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ibi tí olùpolówó lè yà sí yàtọ̀ pátápátá sí ibi tí aṣàmúlò lè lọ.