Bí mo ṣe ròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ àti owó ìrànwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa

Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ni mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 16 sí 18 ló pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ iná, iṣẹ́ irun, ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, àti àwọn tó ń tún ìdánwò ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi apá tó kan àwọn ọmọ tí nǹkan ò rọgbọ nílé wọn lé mi lọ́wọ́ pátápátá. Èmi ni kí n mọ ẹni tó tọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́, ẹni tó tọ́ sí owó ìrànwọ́, kí n sì rí i pé ìjọba mọ̀ nípa gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ló sì wà tí ọmọ wọn tọ́ sí i tí wọn ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ìròyìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba nípa akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ILR. Gbogbo ohun tó kan akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀: ọjọ́ ìbí rẹ̀, postcode ilé rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ (ULN), ẹ̀kọ́ tó ń kọ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ. Ìgbà 14 ni àkókò ìfiránṣẹ́ pín sí, láti R01 dé R14. A lè máa tún un ṣe bí ọdún ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn R14 ní oṣù kẹwàá, kò sí àtúnṣe mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì tó ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún 16 sókè kì í lo ILR. Ìkànìyàn ilé-ẹ̀kọ́ ni tiwọn.

Nínú ILR yìí, kóòdù mẹ́ta ló kan iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. FME2 ni ti ọmọ ọdún 16 sí 19 tó tọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́, tó sì ń jẹ ẹ́. LSR55 ni ti ọmọ tó wà nínú àwọn tí ìjọba kà sí ẹni tó nílò ààbò jù, tó ń gba owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní bursary. LSR56 ni ti ọmọ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó sì fún ní bursary. Ọmọ kan lè ní FME2 kó tún ní LSR56. Iye ọmọ tí a bá ròyìn lábẹ́ FME2 lọ́dún yìí ló ń sọ iye owó oúnjẹ tí wọn yóò fi lé kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ lẹ́yìnwá ọ̀la. Tí àwọn ọmọ bá ń jẹun tí kò sí kóòdù lórí orúkọ wọn, àwọn àbúrò wọn tó ń bọ̀ ni yóò bá àpò tó ti fẹ́lẹ́.

Ohun kan wà tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Owó ìfikún tí ìjọba ń san lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí kò ti ọ̀dọ̀ FME2 wá rárá. Postcode ilé ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò apá kan rẹ̀, apá kejì sì wà fún ọmọ tí kò tíì gba grade 4 (èyí tí wọ́n kà sí ìyege) nínú ìdánwò GCSE Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ, postcode ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ilé tí káńsù fi wọ́n wọ̀ fúngbà díẹ̀ máa ń ṣí kiri, ẹlòmíràn sì ti fi àdírẹ́sì àǹtí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì, mo sì ṣàtúnṣe èyí tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá kàn. Àwọn owó ìrànwọ́ ìjọba tó ń fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí i nígbà yẹn pọ̀ díẹ̀: Income Support, JSA (ti ẹni tó ń wá iṣẹ́) àti ESA (ti ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́) tó dá lórí owó tó ń wọlé, apá kan nínú Pension Credit, ìrànwọ́ àwọn tó ń wá ibi ìsádi lábẹ́ òfin 1999. Ṣùgbọ́n ìwé Universal Credit, owó tí ìjọba ń san lóṣooṣù fún ilé tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, ló kún orí tábìlì mi. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n ti ní owó iṣẹ́ tó ń wọ ilé náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí, kò gbọdọ̀ ju £7,400 lọ lọ́dún. Ní oṣù kan, £616.67 nìyẹn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ọmọ wa ló jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń sanwó fún wọn níbi iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà àti iṣẹ́ ìmọ́tótó. Universal Credit ní tirẹ̀, oṣù ló ń kà. Ìgbà kan á wà láàárín ọdún tí owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì á bọ́ sínú oṣù kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ní £450 ni wọ́n ń san fún ìyá kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ní oṣù tí owó méjì bọ́ sí, £900 ni yóò hàn lórí ìwé rẹ̀, ẹni tó bá sì wo ìwé yẹn nìkan yóò ní ọmọ rẹ̀ kò tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ òfin gbà wá láyè láti wo oṣù mẹ́ta tó sún mọ́ jù pa pọ̀, kí àròpọ̀ rẹ̀ má ti ju £1,850 lọ. £450, £900 àti £450 jẹ́ £1,800. Ọmọ náà tọ́ sí i. Mo kó gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ̀ ṣáájú jáde kúrò nínú fáìlì, mo kọ lẹ́tà sí ilé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fi ìwé oṣù mẹ́ta ránṣẹ́, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ̀ ní ẹ̀tọ́ wà nínú wọn.

Kí ìwé tó dé ọwọ́ wa, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù. Ọmọ ọdún 17 kì í fẹ́ gbé irú fọ́ọ̀mù yẹn délé. Yóò jù ú sínú báàgì, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òbí fúnra mi. Ìyá kan tó jẹ́ ará wa gbé ìpè mi, nígbà tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Àǹtí, mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wa sí ibi kankan o. Wọn ò ní tìtorí oúnjẹ wá máa bi mí bóyá mo lè tọ́ ọmọ mi?”

Mo ní, “Rárá o, Mà. Ẹ̀tọ́ ọmọ yín ni. Kò ní dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó tí wọ́n ń san fún yín, kò sì sí ẹni tó máa tìtorí ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yín.”

“Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ò ní mọ̀?”

“Wọn ò ní mọ̀, Mà. Inú káàdì tó fi ń wọlé ni a ń fi owó oúnjẹ sí. Bí ẹni tí bàbá rẹ̀ fún lówó ṣe ń fi káàdì rẹ̀ rajà náà lòun náà á ṣe ṣe é.”

Ó sọ fún mi pé òun kì í jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ kí ọmọ náà lè rí owó ọkọ̀. Ọjọ́ kejì ló fi ìwé ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun mí títí di òní, nítorí ọmọ rẹ̀ ti lo gbogbo ọdún àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa láìsí ẹni tó bá ìyá yìí sọ̀rọ̀ ní èdè tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Ó pẹ́ kí àǹfààní yìí tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ọmọ ọdún 16 tó dúró sí sẹ́kọ́ńdírì ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò rí nǹkan kan. £2.41 lórí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni ìjọba fi bẹ̀rẹ̀.

Bursary ní ìtàn tirẹ̀. EMA ló wà tẹ́lẹ̀, tí ọmọ tí ilé rẹ̀ kò rọ́wọ́ mú lè gbà tó £30 lọ́sẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2011, àmọ́ Scotland, Wales àti Northern Ireland ò pa tiwọn rẹ́. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ níbí ni bursary onípele méjì tí mo mẹ́nu bà lókè. Àwọn tó wà lábẹ́ LSR55 lè gbà tó £1,200 lọ́dún tí ẹ̀kọ́ wọn bá tó ọ̀sẹ̀ 30: ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọmọ tó ń gba Universal Credit lórúkọ ara rẹ̀ nítorí pé òun ló ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, àti ọmọ aláìlera tó ń gba owó àìlera PIP tàbí DLA pẹ̀lú Universal Credit tàbí ESA lórúkọ ara rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ka £1,200 lé e lọ́wọ́. Ohun tó nílò la ń wò: owó ọkọ̀, irinṣẹ́, aṣọ iṣẹ́. Lẹ́tà káńsù ni mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà lábẹ́ ìtọ́jú wọn, mo sì máa ń kọ̀wé béèrè rẹ̀ fúnra mi, nítorí ó ń dùn mí kí ọmọ tí kò ní òbí lẹ́yìn rẹ̀ máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn láti fi hàn pé kò ní òbí.

Ẹni tí owó ilé rẹ̀ ré kọjá £7,400 díẹ̀, tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ kò kàn, kò yẹ kó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́wọ́ òfo. LSR56 wà fún irú wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń pinnu ìwọ̀n tirẹ̀, tiwa sì gba ọ̀pọ̀ wọn mọ́ra.

Nígbà tí mo ti ní orúkọ lọ́wọ́, mi ò tíì fi kóòdù FME2 sí i. Ẹni tó tọ́ sí i *tó sì ń jẹ ẹ́* ni òfin wí. Mo gba àkọsílẹ̀ káàdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ilé oúnjẹ wa, mo fi í wé orúkọ tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan wà tí a ti fọwọ́ sí ìwé wọn láti oṣù kẹsàn-án tí wọn ò rajà rí. Mo wá wọn lọ. Òmíràn, ilé ìtọ́jú ọmọdé tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ń wà lọ́pọ̀ ọjọ́, kò sì lè kúrò níbẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Òmíràn, iṣẹ́ rẹ̀ ń parí kí ilé oúnjẹ tó ṣí. Ẹnì kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé owó wà lórí káàdì òun. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó wà níbi ìkọ́ṣẹ́ ní ìwé ìrajà tí wọ́n lè lò ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ilé oúnjẹ náà gbà láti máa ṣí ṣáájú. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún yẹn, èyí ló mú inú mi dùn jù, nítorí kí kóòdù tó wọ inú kọ̀ǹpútà ni oúnjẹ ti wọ ikùn ọmọ.

Ti kọ̀ǹpútà rọrùn. Mo fi kóòdù sí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọjọ́ ìbí wọn wé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, nítorí ọmọ tó ti pé 19 ṣáájú ọjọ́ yẹn ní òfin tirẹ̀. Àwọn tó ní ìwé EHCP (ti ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe nínú ẹ̀kọ́) tí wọn ò tíì pé ọdún 25 ṣì lè jẹun, mo sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ orí yọ wọ́n kúrò. Mo gbé fáìlì náà gba inú ètò ìyẹ̀wò kọjá. Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń dá padà: ìkìlọ̀, tí a lè fi sílẹ̀ tí ó bá ní ìdí, àti àṣìṣe, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ka ọmọ náà rárá. Mo tún àwọn àṣìṣe ṣe, mo fi fáìlì ránṣẹ́, mo sì wa ìròyìn tí ètò náà fún mi jáde, kí iye FME2 tó wà nínú rẹ̀ bá iye orúkọ tó wà lọ́wọ́ mi mu. Ẹ̀dà gbogbo ìwé ẹ̀rí wà nínú fáìlì tí ènìyàn díẹ̀ ló lè ṣí, nítorí àwọn olùyẹ̀wò owó lè béèrè wọn.

Ìjọba ti kéde pé láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2026, ọmọ ilé tó bá ń gba Universal Credit tọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́, ohun yòówù kí owó iṣẹ́ ilé náà jẹ́. Ìṣirò oṣù mẹ́ta yẹn yóò wá kúrò nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń fi hàn pé ilé náà ń gbà á yóò ṣì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wa. A ti fi ìbéèrè náà sínú fọ́ọ̀mù ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ báyìí, níwájú òbí. Àkọsílẹ̀ káàdì sì ti ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n lè tètè mọ ọmọ tí kò jẹun.